Odò Ọya kan wà lórí Máàsì: òkè ayọnáyèéfín wo ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀?

ỌmọẸ̀pẹ́Gidi
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Àwòrán ilẹ̀ pílánẹ́ẹ̀tì Máàsì kan ni mò ń wò tí mo fi rí orúkọ yìí: Niger Vallis. Mo wádìí ẹ̀ wò, àṣé Odò Ọya wa yìí náà ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Àfonífojì ni, ó gùn tó 330 kìlómítà, apá gúúsù Máàsì ló wà, kò sì sí omi tó ń ṣàn nínú ẹ̀ mọ́. Wọ́n ní ẹ̀gbẹ́ òkè ayọnáyèéfín àtijọ́ kan tó ń jẹ́ Hadriacus Mons ló wà.

Wàhálà mi nìyí: mo wá òkè yẹn títí, mi ò rí òkè. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ tó ní ihò ràgàjì láàárín ni mo rí, tí ojú àgbàrá pọ̀ yí i ká. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ilẹ̀ àti òkúta, ṣé òkè nìyẹn? Ta ló sì sọ pé ó yọ iná rí?

Bọ̀dáOníyanrìn
Ẹ̀pẹ́ tí a wà yìí gan-an kò ní òkúta, ìwọ wá ń wá òkúta Máàsì 😂. Àwa tí à ń fa yanrìn nínú ọ̀sà, a kì í kan àpáta. Yanrìn, amọ̀, yanrìn, amọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló ń lọ. Òkúta wẹ́wẹ́ tẹ́ ẹ fi ń da dẹ́kìn, tírélà ló ń kó o wá láti òkè lọ́hùn-ún. Àmọ́ mo ti jókòó, mò ń gbọ́.

ÀǹtíOlókùúta
Ọmọ Ẹ̀pẹ́, òkè ni o. Ihò àárín ẹ̀ yẹn nìkan fẹ̀ ju 70 kìlómítà lọ. Tí a bá fa ìlà tààrà láti Ẹ̀pẹ́ níbí dé Ìkẹjà, ìlà yẹn kò ní yọ jáde nínú ihò náà. Ilẹ̀ tó yọ́ lábẹ́ òkè ló tú jáde, tí orí òkè kò rí nǹkan gbé ara lé mọ́, ló bá wọlẹ̀.

Síbẹ̀, gíga òkè náà sí ilẹ̀ tó yí i ká kò fi bẹ́ẹ̀ ju kìlómítà kan lọ, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì tàn lọ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà. Ìdagẹ̀rẹ́ rẹ̀ kò tó dígírì kan. Tí wọ́n bá gbé ẹ sọ̀kalẹ̀ síbẹ̀, o lè rìn láti àárọ̀ dalẹ́ kí o má mọ̀ pé orí òkè lo wà. Ìdí nìyẹn tí o kò fi rí i.

Olympus Mons ni gbogbo ayé mọ̀ ní Máàsì: ó ga tó kìlómítà 22, ó fẹ̀ tó 600. Èmi ò bá wọn pariwo Olympus. Láfà, òkúta yíyọ́ tó ń ṣàn jáde, ló kọ́ ọ, láfà lórí láfà, ó kàn ń ga sókè ni. Hadriacus ni ọ̀rọ̀ wà nínú ẹ̀, torí eérú ló kọ́ òun.

ÌyáÌbejìAyétòrò
Eérú kẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, eérú tí à ń gbá nídìí àdògán yìí náà ló di òkè?

ÀǹtíOlókùúta
Màmá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ o. Kì í ṣe eérú igi, òkúta ni. Ilẹ̀ tó yọ́ nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún ní gáàsì nínú. Bó ṣe ń gòkè bọ̀, ẹrù tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ń fúyẹ́, gáàsì náà ń wú. Tó bá wú débi tí kò rọ́nà gbà, á fọ́ òkúta yíyọ́ yẹn sí wẹ́wẹ́, á sì jù ú sókè. Èyí tó bá kúnná jù nínú rẹ̀ là ń pè ní eérú. Tẹ́ ẹ bá fi ọwọ́ rà á, ó mú. Dígí kéékèèké ló kún inú ẹ̀.

Nǹkan méjì ló wá mú ọ̀rọ̀ Máàsì le jù tiwa lọ. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ gan-an, bó ṣe ń tẹ ilẹ̀ kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún tiwa, nítorí náà kò sí ohun tó dí gáàsì lọ́wọ́ kó má bú gbàù. Èkejì ni omi. Ní ìgbà tí Hadriacus ń ṣiṣẹ́, omi tàbí omi dídì wà nínú ilẹ̀ agbègbè yẹn. Kí òkúta yíyọ́ tó gbóná ju dígírì 1,000 kan omi dídì lábẹ́ ilẹ̀, kíá ni omi náà á di gáàsì, gáàsì ò sì ṣeé há mọ́.

Ẹ rántí oṣù kẹrin ọdún 2010, tí bàálù ò lè fò lórí ilẹ̀ Yúróòpù, tí àwọn èèyàn wa há sí Heathrow? Òkè ayọnáyèéfín tó wà lábẹ́ omi dídì ní Iceland ló fa ìyẹn. Òkè kékeré sì ni ìyẹn o.

TíṣàJọ́gíráfì
Ẹ jẹ́ kí n fi tiwa kún un. Òkè Kámẹ́rúùnù tó súnmọ́ wa jù, láfà ló sábà máa ń ṣàn níbẹ̀. Lọ́dún 1999 ó ṣàn wálẹ̀ títí ó fi gé ọ̀nà Limbe sí Idenau, àwọn èèyàn sì ń dúró wò ó bó ṣe ń bọ̀, torí kò yára. Èyí tí Àǹtí ń sọ yìí kò ní jẹ́ kẹ́nikẹ́ni dúró wò ó. Ìkùukùu eérú àti gáàsì gbígbóná ló máa ń ṣubú padà, tí á máa sáré lórí ilẹ̀. Agbára tó ń fa nǹkan sílẹ̀ ní Máàsì lé díẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́ta tiwa, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ò sì lè dá a dúró, nítorí náà ó lè sáré lọ jìnnà réré kó tó balẹ̀. Ohun tó bá tàn lọ jìnnà báyẹn kò lè ga.

AlhajiÒkèBalógun
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ ń sọ ọ́ bí ẹni pé ẹ wà níbẹ̀. Ta ló dé ibẹ̀? Ta ló bu eérú náà wò? Mo ti pẹ́ láyé díẹ̀, mo sì ti rí ọ̀pọ̀ àwòrán tó tan èèyàn. Kí ni ẹ rí tó jẹ́ kẹ́ ẹ sọ pé eérú ni, tí kì í ṣe láfà, tí kì í ṣe iyẹ̀pẹ̀ lásán?

ÀǹtíOlókùúta
Bàbá Alhaji, ìbéèrè yín gan-an ló yẹ kí wọ́n máa bi gbogbo wa. Kò sí ọkọ̀ tó tíì balẹ̀ sórí Hadriacus. Láti òkè ni wọ́n ti ń wò ó. Ọkọ̀ Viking méjì dé Máàsì lọ́dún 1976, wọ́n sì ya àwòrán agbègbè náà. Mars Global Surveyor débẹ̀ lọ́dún 1997, iná lésà ló ń tàn sílẹ̀, ó ń ka bó ṣe pẹ́ tó kí iná náà tó padà. Nípa bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi mọ ibi tó ga àti ibi tó rẹlẹ̀ ní gbogbo Máàsì. Òun ló jẹ́ ká mọ̀ pé ìdagẹ̀rẹ́ òkè yìí kò tó dígírì kan. Mars Express ti àwọn ará Yúróòpù náà ti wà níbẹ̀ láti ìparí ọdún 2003, àwòrán tirẹ̀ ló mọ́ jù nínú àwọn tí mo ti rí nípa ibẹ̀.

Ẹ wá wò ó. Láfà máa ń fi ojú ẹsẹ̀ sílẹ̀: etí rẹ̀ máa ń ga, iwájú rẹ̀ máa ń wú níbi tó bá dákẹ́ sí. A rí ìyẹn lára Olympus kedere, kódà lára àwọn òkè kéékèèké. Lára Hadriacus, ẹ ò ní rí i. Ohun tẹ́ ẹ máa rí ni àwọn ojú àgbàrá gbọọrọ tó bẹ̀rẹ̀ nítòsí ihò òkè, tí wọ́n sì ń gba ẹ̀gbẹ́ òkè lọ sísàlẹ̀ ní gbogbo ìhà. Láfà líle kì í jẹ́ kí omi ha òun báyẹn. Nǹkan rírọ̀ ló ń gbà. Láàárín àwọn ojú àgbàrá yẹn, ẹ máa rí ìpele pẹlẹbẹ tó ṣẹ́kù sókè, torí ibi tí eérú náà ti gbóná jù nígbà tó balẹ̀, ó lẹ̀ mọ́ra, ó le. Ibi tí kò lẹ̀ mọ́ra ló wó lọ. Iyẹ̀pẹ̀ lásán tí atẹ́gùn kó jọ kì í ní ihò 70 kìlómítà láàárín.

Bọ̀dáOníyanrìn
Ìyẹn yé mi. Ní ọ̀nà Ìtòkín, níbi tí wọ́n ti gé ilẹ̀ pupa láti la títì, òjò kan péré ló máa ń ha ojú ẹ̀ tán. Àmọ́ Máàsì ò ní òjò. Kí ló ha tiwọn?

ÀǹtíOlókùúta
Kò ní i báyìí. Nígbà yẹn, ó jọ pé omi ń jáde láti inú ilẹ̀, omi dídì tó ń yọ́, bóyá yìnyín tó bọ́ sórí òkè tí ooru sì yọ́. Àwọn kan ní eérú gbígbóná tó ń sáré wálẹ̀ ló kọ́kọ́ la ọ̀nà, omi sì wá gba ọ̀nà tó bá ńlẹ̀. Èmi rò pé méjèèjì ni.

Plọ́ọ̀tìOlówóPọ́ọ́kú
Ẹ kú àárọ̀ o. Ilẹ̀ gbígbẹ tí kò ní omi, ìwé ẹ̀ pé, ní Pọ́kà, ó ku díẹ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí inbọ́ọ̀sì mi.

Alábòójútó
Èyí tó kàn, mo máa ti àkáǹtì yẹn pa. Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ lọ.

ÌyáÌbejìAyétòrò
Ilẹ̀ gbígbẹ tí kò ní omi… ṣé Máàsì ló ń tà ni? 😂😂

AlhajiÒkèBalógun
Mo ka àlàyé rẹ, ọmọ mi, ó sì wọ̀ mí létí. Ó ku ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí. Mo kà á níbì kan pé òkè náà ti lé ní bílíọ̀nù mẹ́ta ọdún. Ta ló bí i, ta ló kọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ sílẹ̀?

TíṣàJọ́gíráfì
Ẹ jẹ́ kí n gba ìyẹn, Bàbá. Òkúta láti ojú ọ̀run kò yéé bọ́ lu àwọn pílánẹ́ẹ̀tì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ń gbẹ́ kòtò sílẹ̀. Ilẹ̀ tó bá ti pẹ́ níta, kòtò ara rẹ̀ á pọ̀; èyí tí láfà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bò, kòtò rẹ̀ á kéré. Ẹ lè sọ pé, ó dáa, ìyẹn sọ èyí tó dàgbà ju èkejì, kò sọ iye ọdún. Òótọ́ ni. Òṣùpá ló bá wa tú ìyẹn. Láàárín 1969 sí 1972, àwọn ará Amẹ́ríkà kó òkúta bọ̀ láti orí òṣùpá, wọ́n wọn ọjọ́ orí wọn ní ilé àyẹ̀wò, wọ́n sì ka kòtò tó wà níbi tí wọ́n ti mú wọn. Nípa bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi mọ iye kòtò tó bá iye ọdún kan mu. Wọ́n wá ṣírò rẹ̀ fún Máàsì. Fún Hadriacus, ohun tí wọ́n rí ni pé bíi bílíọ̀nù 3.7 sí 3.9 ọdún sẹ́yìn ló kọ́ ara rẹ̀. Ìṣirò náà lè fi díẹ̀ yẹ̀, kò lè yẹ̀ débi pé òkè àtijọ́ á di tàná.

ỌmọẸ̀pẹ́Gidi
Ẹ ṣeun gan-an. Odò Ọya mi wá ńkọ́? Òun ni mo tìtorí ẹ̀ wá o. Ṣé òkè yẹn ló bí i?

ÀǹtíOlókùúta
Tún àwòrán yẹn wò, ní gúúsù òkè. Àfonífojì méjì ló wà níbẹ̀ tó pàdé ara wọn: Dao Vallis àti Niger Vallis. Dao ló tóbi jù. Ó gùn tó 800 kìlómítà, ó fẹ̀ dé 40 níbòmíràn, ó sì jìn ju kìlómítà méjì lọ. Niger wá láti ìhà ìlà-oòrùn, ó sì dà pọ̀ mọ́ Dao. Àwọn méjèèjì jọ ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí Hellas, kòtò tó fẹ̀ tó 2,300 kìlómítà, tí òkúta ńlá kan gbẹ́ nígbà ìwáṣẹ̀. Inú Hellas yẹn ni ilẹ̀ ti rẹlẹ̀ jù ní gbogbo Máàsì.

Òfin kan wà tí àwa tó kọ́ ẹ̀kọ́ ilẹ̀ kì í fi ṣeré: ohun tí wọ́n gé ti wà kí ohun tó gé e tó dé. Dao gé ẹsẹ̀ Hadriacus. Nítorí náà òkè ló ṣáájú odò. Tó o bá sì wo orísun Niger, kò jọ ibi tí odò gidi ti ń bẹ̀rẹ̀, kò ní ẹ̀ka kéékèèké tó ń wọ inú ẹ̀. Ilẹ̀ ló kàn ya lulẹ̀, kòtò kan níbí, kòtò kan lọ́hùn-ún, àwọn kan kò tíì bá ara wọn pàdé dáadáa. Omi ti abẹ́ ibẹ̀ sá jáde, orí ilẹ̀ sì wó tẹ̀ lé e. Tèmi ni pé ooru òkè ayọnáyèéfín yẹn ló yọ́ omi dídì inú ilẹ̀.

TíṣàJọ́gíráfì
Àǹtí, ẹ dúró díẹ̀ níbẹ̀. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún wa pé òkè ló ṣáájú odò. Tí kòtò tí wọ́n kà nínú àfonífojì bá fi hàn pé ó kéré sí òkè náà ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù ọdún, ooru wo ló kù nínú òkè tó ti kú láti ìgbà yẹn? Ilẹ̀ ibẹ̀ ti kún fún omi dídì tẹ́lẹ̀. Kí ilẹ̀ sán díẹ̀ tó, omi tó há sábẹ́ á wá ọ̀nà jáde, pàápàá tí kòtò Hellas ti wà nísàlẹ̀ tó ń dúró dè é.

ÀǹtíOlókùúta
Òkè tí kò yọ iná sókè mọ́ kò túmọ̀ sí pé abẹ́ rẹ̀ ti tutù. Òkúta yíyọ́ lè tún gòkè wá lẹ́yìn ìgbà pípẹ́, kó dúró sábẹ́ ilẹ̀ láì yọjú, kó sì yọ́ gbogbo ohun tó bá wà lórí rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ òkè ayọnáyèéfín ni Dao ti bẹ̀rẹ̀. Nínú gbogbo ẹnu Hellas tó fẹ̀ báyẹn, kí ló dé tó jẹ́ ibẹ̀ náà ni omi ti yàn láti tú jáde?

TíṣàJọ́gíráfì
Harmakhis Vallis náà ńkọ́? Òun náà wọ Hellas ní ìhà kan náà, kò sì bẹ̀rẹ̀ lára òkè ayọnáyèéfín kankan. Mi ò tíì gbà o.

ÀǹtíOlókùúta
Ẹ má gbà, Tíṣà 😄. Ohun tí àwa méjèèjì kò lè jiyàn lé lórí ni omi dídì. Lọ́dún 2008, àwọn tó ń lo rédà ọkọ̀ Mars Reconnaissance Orbiter sọ ohun tí wọ́n rí ní ìlà-oòrùn Hellas níbẹ̀: omi dídì ńláńlá ló wà lábẹ́ àwókù òkúta ní ẹsẹ̀ àwọn òkè, ó wà níbẹ̀ dòní.

ṢọláÌtaỌ̀pọ̀
Ẹ jẹ́ kí n da ọ̀rọ̀ rú díẹ̀. Bàbá Alhaji ní ta ló bu òkúta Máàsì wò. Òkúta Máàsì ti bọ́ sí Nàìjíríà yìí rí! Lóṣù kẹwàá ọdún 1962, ní Zagami, ní Katsina, òkúta kan tó wọn nǹkan bíi kílò 18 já láti ojú ọ̀run nítòsí àgbẹ̀ kan tó wà lóko àgbàdo rẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí Kaduna lọ́dọ̀ àwọn tó ń wádìí ilẹ̀. Àwọn onímọ̀ káàkiri ayé ni wọ́n pín in wò.

ÌyáÌbejìAyétòrò
Ẹdùn àrá nìyẹn!

ÀǹtíOlókùúta
Màmá, ẹdùn àrá tí wọ́n ń wú nínú oko, òkúta tí àwọn èèyàn àtijọ́ pọ́n ló pọ̀ jù nínú wọn. Ti Zagami yàtọ̀. Òkúta ayọnáyèéfín ni, láfà tó tutù. Ohun tó jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé Máàsì ni irú òkúta bẹ́ẹ̀ ti wá ni gáàsì tó há sínú wọn: ó bá afẹ́fẹ́ tí Viking wọ̀n lórí Máàsì mu. Nǹkan kan lu Máàsì níbẹ̀, ó ta òkúta náà sí òfurufú, ó ń rìn kiri fún nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ta ọdún kó tó dé Katsina.

Ṣùgbọ́n ẹ má sọ pé Hadriacus ló bí i. Láfà Zagami tutù ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 180 ọdún sẹ́yìn péré. Hadriacus ti di arúgbó kó tó di ìgbà yẹn. Òkè ayọnáyèéfín tó kéré sí i gan-an ló tú u jáde. Síbẹ̀, Ṣọlá, òkúta náà wúlò fún ọ̀rọ̀ wa: ó jẹ́ ká mọ ohun tó wà nínú òkúta yíyọ́ Máàsì, irin inú rẹ̀ pọ̀ ju ti ilẹ̀ wa lọ. Ohun kan tún wà: wọ́n fi èékú Zagami kan sínú Mars Global Surveyor, ọkọ̀ tó fi lésà wọn òkè yìí gan-an. Òkúta Katsina padà lọ yí ilé bàbá rẹ̀ ká.

AlhajiÒkèBalógun
Ehn ehn. Èyí tí wọ́n bu wò nìyẹn. Mo gbà ti Zagami.

ỌmọSS3
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n mi gbogbo. Ṣé òkè náà tún lè yọ iná?

TíṣàJọ́gíráfì
Hadriacus? Rárá. Ó ti pẹ́ jù, ihò orí rẹ̀ gan-an ti kún, ó ti tẹ́. Àmọ́ Máàsì fúnra rẹ̀ kò tíì kú tán. Ọkọ̀ InSight balẹ̀ síbẹ̀ ní 2018, ó fetí sílẹ̀ títí di 2022, ó sì gbọ́ bí ilẹ̀ ṣe ń mì. Ọ̀pọ̀ nínú èyí tó lágbára tí wọ́n mọ ibi tó ti wá, Cerberus Fossae ni wọ́n tọ́ka sí, ibi tó jìnnà gan-an sí òkè yìí. Ilẹ̀ ibẹ̀ ya, láfà sì ti jáde níbẹ̀ láìpẹ́, ìyẹn tí a bá fi ọjọ́ orí òkúta kà á. Kọ ìyẹn sínú ìwé rẹ, wọ́n lè bi ọ́.

Bọ̀dáOníyanrìn
Ìbéèrè tèmi ti owó ni. Eérú tó tó báyẹn, ṣé ó ṣeé fi mọ búlọ́ọ̀kù?

ÀǹtíOlókùúta
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò ṣàwàdà o. Àwọn ará Róòmù àtijọ́ po eérú òkè ayọnáyèéfín mọ́ ẹfun láti fi kọ́lé, kódà nínú omi òkun ló ń gan. Pantheon, ilé òrìṣà wọn tí wọ́n kọ́ ní bíi ọdún 1,900 sẹ́yìn, ṣì dúró ní Róòmù, kò ní ọ̀pá irin kankan nínú òrùlé rẹ̀. Ti Hadriacus ti di òkúta láti ìgbà pípẹ́, ẹ máa ní láti lọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ tó lò ó.

Bọ̀dáOníyanrìn
Ti Máàsì jìnnà. Ti Kámẹ́rúùnù ńkọ́, èló ni wọ́n á gbé tírélà kan dé Ẹ̀pẹ́?

Alábòójútó
Bọ̀dá, ẹ ṣí ìyẹn sí abala ọjà 😂